Ọjọ́ Tí Mo Lọ Gba Clément Lọ́wọ́ Ọ̀gá Rẹ̀

Èmi Àwáwù ni mo da ọ̀rọ̀ náà rú. Ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíràn tí ẹ ó di ẹ̀bi rù. Aládùúgbò ò mọ̀ sí i, ọ̀tá ò mọ̀ sí i. Èmi arúgbó, tó yẹ kí n jókòó jẹ́ẹ́ ti ààrò mi, ni mo fi àkùkọ sábẹ́ apá, tí mo ru iṣu lé orí, tí mo lọ sí ilé iṣẹ́ kajú ní ọ̀sán gangan, láti lọ gba ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, bí ẹni ń lọ gba ọmọ tó kọ́ṣẹ́ télọ̀.

Àkùkọ náà sì já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sá tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí mo ṣe sanra tó! Ìdí mi ń lọ sọ́tùn-ún, èmi ń lọ sósì. Díẹ̀ ló kù kí ìró mi tú láàárín ọgbà. Títí di òní, bí mo bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ yẹn, aṣọ́gbà á máa kọ bí àkùkọ. Èmi náà á bá a rẹ́rìn-ín. Bí èèyàn bá ti ya wèrè tán, kó yáa kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín kí ará ìta tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Wàsílátù ni, ọmọ ọmọ mi, ẹyin ojú mi. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Iwájú ilé iṣẹ́ kajú yẹn náà ni òun àti Clément ti pàdé. Ibẹ̀ ni mo ti ń din dùndú, létí títì tó lọ sí Páràkú, lábẹ́ igi máńgòrò kan tí àwọn awakọ̀ àjàgbé fẹ́ràn láti sinmi sí. Wàsílátù wà lára àwọn obìnrin tó ń ṣa kajú nínú ilé iṣẹ́. Wọn á ya èyí tó funfun sọ́tọ̀, wọn á ya èyí tó fọ́ sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá dáwọ́ dúró lọ́sàn-án, á wá bá mi ta dùndú, á sì jẹ ju èyí tó bá mi tà lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan jáde látinú ọgbà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọ̀pá tí a fi ń já máńgòrò. Ó na ọwọ́ náà sínú àwo dùndú mi.

Wàsílátù fi síbí gbá a lọ́wọ́.

"Ẹ gbé ọwọ́ yẹn kúrò! Ṣé dùndú lẹ fẹ́ jẹ, àbí ẹ fẹ́ bá wa fi epo mọ́tò sí i?"

"Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò. Ebi ló ń pa mí."

"Ebi ò ní kéèyàn má fọwọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ó ká ẹsẹ̀ gígùn méjèèjì bíi ràkúnmí. Wàsílátù bu omi, ó mú ọṣẹ, ó ń fọ ọwọ́ ọkùnrin náà bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ọkùnrin náà ò wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú ọmọbìnrin náà ló ń wò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Láti ìgbà tí ìyá mi ti wẹ̀ mí kẹ́yìn ní Kétu, ẹnikẹ́ni ò tíì fọ̀ mí báyìí."

"Ó hàn lára yín," ni Wàsílátù dá a lóhùn.

Mo bú sẹ́rìn-ín débi pé dùndú jóná. Ọkọ méjì ni mo fẹ́ láyé mi, mo sì mọ ojú tí ọkùnrin fi ń wo obìnrin tó bá ti wọ inú rẹ̀ lọ. Mo sọ fún ara mi pé, Àwáwù, eléyìí ò wá ra dùndú mọ́.

Clément lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń tún àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ́ èèpo kajú ṣe. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ àìkúrò. Ilé iṣẹ́ náà bá a ṣe kọ̀ǹtírà ni, pé kó máa tọ́jú ẹ̀rọ wọn títí kajú ọdún tó ń bọ̀ yóò fi wọlé tán. Yàrá kan ló háyà ní àdúgbò Plateau, kò sì ní ará kankan níbí ní Ṣábẹ.

Láti ọjọ́ náà, kò pa ọjọ́ kan jẹ láìwá jẹ dùndú. Nígbà tó yá, inú ilé iṣẹ́ ló ti ń fọwọ́ wá, ṣùgbọ́n á fi gírísì díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn àtàǹpàkò kí Wàsílátù lè rí nǹkan fọ̀. Àwọn méjèèjì rò pé mi ò rí i. Bí ọjọ́ Àìkú bá dé, wọn á jókòó lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa níbi tí a ti ń sá èlùbọ́. Èmi á sì máa lọ yí èlùbọ́ náà lemọ́lemọ́, èlùbọ́ tó ti gbẹ láti ìjẹta.

"Ìyá àgbà," Wàsílátù á ní, "ẹ ti yí i lẹ́ẹ̀kan."

"Ṣé mo bá ọ yí ọkọ rẹ ni? Èlùbọ́ mi ni mò ń yí."

Clément, tó máa ń fi oríkì rẹ̀ pè é, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi, fi wọ́n sílẹ̀. Bí wọn ò bá wá, ta ni yóò jẹ́rìí pé mi ò hùwà àìtọ́?"

Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Mo kúkú ń sọ ọ́ bó ṣe rí. Ojú ọmọ mi mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí omi, orin tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ọmọ yìí fún yín. Moussa, ọmọ mi ọkùnrin, ni bàbá rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Moussa ní òun ń lọ ra páànù ní Páràkú, pé oúnjẹ alẹ́ á bá òun nílé. Wàsílátù, ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, bu oúnjẹ bàbá rẹ̀, ó fi igbá dé e. Moussa ò wá. Gàbọ́ọ̀n ló lọ. Wọ́n ní ó ti níyàwó níbẹ̀. Oúnjẹ yẹn hu irun funfun nínú abọ́, ọmọ náà ò jẹ́ kí n dà á nù. Nígbà tí mo dà á nù, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nítorí náà, nǹkan kan ṣoṣo ló bẹ Clément. Mo gbọ́ ọ níbi tí mo ti ń yí èlùbọ́.

"Bí o bá ń lọ, ì báà ṣe Gìlàsúwè tó wà nítòsí yìí lo ń lọ, èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ fún. Mi ò béèrè nǹkan míì."

"Mo gbọ́, Àbẹ̀kẹ́ mi."

Clément lọ rí Bàbá Tọ́ládé, àbúrò ọkọ mi tó kú, tó jẹ́ olórí ilé wa. Kátólíìkì ni Clément, mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ká bàbá lára. Nínú agbo ilé wa, ẹni tó ń gbààwẹ̀ àti ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì jọ ń bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò kan náà ni. Ohun mìíràn ni bàbá fẹ́.

"Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ wa á kọ ebè fún wa," ó ní. "Bàbá mi kọ ọ́ kí wọ́n tó fún un ní ìyá mi. Èmi náà kọ ọ́. Bí òjò bá ti fẹ́ máa lọ, n óò pè ọ́ wá sí oko mi ní Sakín fún ọ̀wẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni o. Ọ̀wẹ̀ àna kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rán èèyàn ṣe."

Clément dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mo gbà, bàbá."

Bàbá wo gígùn rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní, "Dìde. O fẹ́ kún yàrá fún mi."

Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé nígbà náà. Ó kù díẹ̀ kí òjò dá, ni Clément bá wá bá mi nídìí iná láàárọ̀ kùtù, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé.

"Ìyá àgbà, wọ́n pè mí sí iṣẹ́ ní Kùtọnu. Iṣẹ́ tó dúró ni, kì í ṣe kọ̀ǹtírà ọdún kan, ọdún kan, mọ́. N óò lè gbé ìyàwó sílé, kí n sì tọ́jú rẹ̀."

Mo ki ijó mọ́lẹ̀. "Ìgbà wo lo ń lọ?"

"Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kọ̀ǹtírà tibí ò tíì parí. Bí mo bá fẹ́ kúrò ṣáájú àkókò, mo gbọ́dọ̀ fún wọn ní pìréàfí."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?"

"Ìdágbére ni, Ìyá àgbà. Òfin ni. Èmi fúnra mi ni n óò kọ ọ́ fún ọ̀gá pé mò ń lọ. Lẹ́yìn náà, n óò ṣì bá wọn ṣiṣẹ́ oṣù kan gbáko, kí wọ́n lè rí ẹlòmíràn tí yóò dúró sí ipò mi. Bí mo bá kàn bọ́ sọ́nà, wọn ò ní fún mi ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, àwọn ará Kùtọnu ò sì ní gbà mí láìsí i."

"Ṣé Wàsílátù ti gbọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Rárá. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ bá ọ̀gá sọ ọ́. Bí ọ̀gá bá gbà, n óò wá bá a pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó dúró. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ṣe ń rí lára rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́ láàbọ̀. Ẹ bá mi pa á mọ́ títí di ọjọ́ Ajé."

Mo ṣèlérí. Ẹnu mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni lóòótọ́. Ẹsẹ̀ mi ló sọ ọ́.

Ẹ wo bí mo ṣe rò ó. Bí a bá fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́ ní Ṣábẹ, ì báà jẹ́ télọ̀, ì báà jẹ́ mẹkáníìkì, ọmọ náà kì í dìde lọ fúnra rẹ̀. Àgbà ilé ló ń lọ gbà á. Àgbà á mú àkùkọ, á mú iṣu, á kúnlẹ̀, á ní, "A dúpẹ́, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa." Ọ̀gá á gbàdúrà, ọmọ á tẹ̀ lé àgbà wálé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba àwọn ọmọ mi lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Clément ò ní àgbà kankan níbí. Ìyá rẹ̀ wà ní Kétu. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, ta ni yóò lọ gba ọmọ ọlọ́mọ yìí? Mo tún rò pé bí àgbà bá bẹ̀bẹ̀ dáadáa, ọ̀gá á dárí oṣù kan yẹn jì í.

Ìfẹ́ ló mú mi, ìwà òpè ló tì mí lẹ́yìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo lọ. Àwọn obìnrin tó ń ṣa kajú jókòó lábẹ́ ibòji, Wàsílátù wà láàárín wọn. Ọ̀gá Dieudonné dúró níbẹ̀, ọkùnrin onígíláàsì kan tí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. A wá gba ọmọ wa. Ẹ ṣeun tí ẹ tọ́jú rẹ̀. Àwọn ará Kùtọnu ti ń dúró dè é, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa."

"Ọmọ wo, màmá?"

"Clément."

Ibẹ̀ ni àkùkọ ti já. Mo ti sọ ìyẹn fún yín. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ìka, wọ́n ń ké pé, "Ìyá onídùndú, ó wà lábẹ́ tábìlì! Ẹ mú un nírù!" Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbórí sókè pẹ̀lú àkùkọ lọ́wọ́ ni mo rí Wàsílátù. Ó ti dìde. Àtẹ ọwọ́ rẹ̀ ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kajú funfun ń dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀, kò mọ̀. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Ọ̀gá Dieudonné ní, "Màmá, kọ̀ǹtírà kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi okùn fà lọ. Ẹ dìde." Ó ránṣẹ́ pe Clément. "Ṣé òótọ́ ni?"

Clément wò mí, ó wo Wàsílátù. Ojú rẹ̀ rọ bí ewé tí iná rà.

"Òótọ́ ni, ọ̀gá. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ wá bá yín."

"Ìyá onídùndú ló wá bá ọ fi iṣẹ́ sílẹ̀! Tó o bá fẹ́, máa lọ lónìí. Ṣùgbọ́n má retí ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ mi."

"Rárá, ọ̀gá. N óò fún yín ní pìréàfí, n óò sì ṣe oṣù mi pé, bí a ṣe jọ fọwọ́ sí i."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́ tí mi ò rí ọ, o ti sá níbi iṣẹ́ nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, Clément sáré bá Wàsílátù lábẹ́ igi máńgòrò.

"Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, gbọ́ mi."

"Rachida tó jókòó tì mí ti gbọ́. Aṣọ́gbà ti gbọ́. Adìyẹ pàápàá ti gbọ́. Kí ló kù tí ẹ fẹ́ sọ fún mi?"

Ó ti pẹ́ tó ti pè é ní "ẹ" kẹ́yìn. Mo rí bó ṣe gún ọkùnrin náà.

"Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́..."

"Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ má lọ. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ fún mi." Ó yíjú sí mi. "Ìyá àgbà, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ mọ̀, a sì jọ ń jókòó, a jọ ń jẹun."

Ó gbé ẹní rẹ̀ kúrò ní yàrá mi, ó lọ tẹ́ ẹ sí yàrá tí Moussa fi sílẹ̀. Èmi tí mo máa ń han-an-run bí ẹ̀rọ ìlọta, tí Wàsílátù máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún kí n dákẹ́, mo wá dá sùn. Mo han-an-run tó bó ṣe wù mí. Kò dùn.

Oṣù yẹn gùn. Clément ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń kọ́ ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ ní bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń bínú àti bí a ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá ò bá a ṣeré mọ́. Bó bá kọjá lọ́sàn-án, á kí mi, á kí Wàsílátù. Èmi á dáhùn. Wàsílátù á máa yí dùndú nínú epo bí ẹni tí etí rẹ̀ di.

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Tọ́ládé ránṣẹ́ pé ọjọ́ ọ̀wẹ̀ ti pé, pé Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo ọkùnrin Sakín máa bá òun kọ ebè, kí Clément wá ṣíwájú wọn. Ọjọ́ iṣẹ́ ni. Clément gun alùpùpù sẹmijáàn lọ bẹ bàbá pé kó sún un sí ọjọ́ Àìkú.

"Ọjọ́ Àìkú, oko ẹlòmíràn ni wọ́n ń lọ," ni bàbá wí. "Àáró oko kì í dúró de ẹnì kan."

"Bàbá, bí mo bá pa ọjọ́ iṣẹ́ kan jẹ, wọ́n á ní mo sá. Iṣẹ́ Kùtọnu á bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni n óò fi bọ́ ọmọ yín?"

"Ẹni tí kò lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan nítorí ìyàwó, ẹni tí yóò fi ìyàwó sílẹ̀ nítorí ẹ̀rọ nìyẹn."

Ọjọ́bọ̀ dé, Clément ò lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá wá sílé wa. Kò jókòó.

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin Kétu yẹn ti parí nílé yìí," ó ní.

Wàsílátù ń fọ abọ́. Kò gbórí sókè, ṣùgbọ́n abọ́ tó ti fọ̀ tán ló tún ń fọ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ọmọ mi ṣì fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Mo fẹ́ kú sílẹ̀ fún ìbànújẹ́, torí èmi ni mo tú okùn tí gbogbo rẹ̀ fi tú.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo ní kí Wàsílátù sìn mí lọ sí Sakín, kí a lọ bẹ bàbá fún iṣu dùndú. Irọ́ kọ́, iṣu ti tán. Nígbà tí a dé oko, a bá Bàbá Tọ́ládé tó jókòó lábẹ́ igi emi, ó fajú ro, ó ń wo ọ̀kánkán. Clément ló ń wò. Clément nìkan ṣoṣo, ọkọ́ lọ́wọ́, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ń kọ ebè létí èyí tí àwọn ará oko ti kọ.

Ẹ gbà mí o! Ebè rẹ̀ dà bí ọyàn mi. Ọ̀kan ń wo òkè, èkejì ti sùn lọ. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lára èèkù ọkọ́.

"Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ló ti wà níbẹ̀," ni bàbá sọ fún mi. "Mi ò pè é. Mi ò dá a lóhùn."

Wàsílátù lọ dúró tì í.

"Ta ló ní kí ẹ wá?"

"Ẹnikẹ́ni ò ní kí n wá."

"Bàbá ti ní ọ̀rọ̀ yín ti parí."

"Mo gbọ́." Ó fara ti ọkọ́ rẹ̀, ó ń mí. "Àbẹ̀kẹ́, mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí mo bá sọ fún ọ pé bóyá n óò lọ, ohun tí wàá gbọ́ ni pé mo ti lọ. Mo fẹ́ dáàbò bò ọ́, mo sì ṣe ohun tí bàbá rẹ ṣe gẹ́lẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, kí n tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà. Ìwọ ni mo ṣẹ̀. Bí o bá ní kí n máa lọ, n óò parí ebè yìí, n óò sì lọ."

Wàsílátù wo ebè wọ́gọwọ̀gọ yẹn títí. Lẹ́yìn náà, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Máa fà á sọ́dọ̀ ara rẹ. O ń ti ilẹ̀ bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú."

Ó kọ ọ̀kan, ó kọ ìkejì, ó tẹ́ ẹ lórí. Bàbá Tọ́ládé fò dìde.

"Wàsílátù! Fi ọkọ́ sílẹ̀! Ìyàwó kì í kọ ebè nínú ọ̀wẹ̀ ara rẹ̀! Ta ló rí irú rẹ̀ rí?"

Wàsílátù kúnlẹ̀ lórí ebè náà, tòun ti ọkọ́.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ti parí. Bó bá ti parí, kì í ṣe ọ̀wẹ̀ mọ́, ebè lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ọ́."

Bàbá yíjú kúrò lára rẹ̀. Ó wò mí. Mo gbójú sókè, mo ń wo igi emi bí ẹni tí ń ka èso rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," bàbá ní níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀, "gbé ọkọ́ fún un. Jẹ́ kó dá a kọ. Ọ̀wẹ̀ ni."

Wàsílátù fún Clément ní ọkọ́. Ó wá yíjú sí àpáta kan létí oko, ó sunkún, Clément ò sì mọ̀ bóyá kó máa kọ ebè ni tàbí kó lọ bá a. Bàbá pariwo pé, "Kọ ebè!" Ó kọ ebè.

Nígbà tí oṣù pé, ọ̀gá Dieudonné fi ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní, "O mú ọ̀rọ̀ rẹ ṣẹ." Ìyá Clément wá láti Kétu pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀. A gbà wọ́n, a fi ọmọ fún wọn, ààfáà ṣàdúrà, ìyá Clément náà fi àmì àgbélébùú kan orí àwọn méjèèjì, a jọ ṣe àmín. Mo jó. Ẹ máa bi mí léèrè bóyá mo jó! Orúnkún mi ò tíì dárí jì mí.

Lọ́jọ́ kejì, Clément ń retí mọ́tò Kùtọnu létí títì.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, bá mi lọ. Ìyàwó mi ni ẹ́ báyìí. Gbé àpò rẹ, ká jọ wọkọ̀."

"N óò wá bá ọ. Ṣùgbọ́n èmi náà bá wọn ṣe kọ̀ǹtírà kajú. Mi ò ní fi àtẹ sílẹ̀ kí n sì bọ́ sọ́nà."

"Ọjọ́ wo ni kí n wá mú ọ?"

"Bí mo bá ṣe oṣù mi pé. Wàá dá mi lóhùn lórí fóònù lójoojúmọ́."

"Lójoojúmọ́, olówó orí rẹ gbà." Mọ́tò dé. Ó dì í mọ́ra lójú gbogbo ayé, aṣọ́gbà sì kọ bí àkùkọ. Wàsílátù dúró títí mọ́tò fi bọ́ sẹ́yìn òkè. Kò sunkún. Ó mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ ń lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ti ilé iṣẹ́ dé. Mo ń bẹ iṣu sílẹ̀ de ọ̀la. Ó gbé ẹní rẹ̀ kúrò ní yàrá Moussa, ó tẹ́ ẹ padà sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Mo ń wo ilé yìká. Ọkọ mi méjèèjì wà nínú ilẹ̀. Ọmọ mi wà lókè òkun. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìgbéyàwó ni mo ń lé kiri, mi ò wo ilé mi wò rí bí yóò ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Mo wá àwàdà kan tí n óò ṣe. Mi ò rí.

Wàsílátù jókòó tì mí, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó ń bá mi bẹ iṣu.

"Mo ti sọ fún ọ̀gá pé mò ń lọ bá ọkọ mi," ó ní. "Oṣù kan ló ní kí n fún òun, bíi ti Clément."

"Ó dáa, ọmọ mi."

Ó bẹ iṣu náà tán. Ó gbé e sínú omi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì wò mí lójú.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá àgbà? Oṣù mélòó ni kí n fún yín?"